Bọ́tìnì Aláwọ̀ Eérú

"Mo fi ìfẹ́ inú ara mi, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú mi, yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn fún onílé..."

Sísọ́ọ̀sì ńlá dún gbàgà lórí tábìlì ìgéṣọ. Píríńsípà gbé ojú kúrò nínú ìwé tó ń kà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba sísọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀."

Ọwọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀? Ọwọ́ ọ̀tún ni àìsàn mú, ọwọ́ òsì sì ni Aránṣọ fi gbá tábìlì. Ó na ọwọ́ òsì náà sí agolo bisikíìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó tú inú rẹ̀ wò, ó yọ bọ́tìnì pupa kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì.

Dírẹ́bà, ọkọ rẹ̀, wúkọ́. "Kì í ṣe ọwọ́ o," ó wí. "Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ gbá a ni. Ó ní tọkàntọkàn ni."

"Ó dáa, Bàbá," ni Píríńsípà wí, bó ṣe máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ tó nawọ́ lóhùn nígbà tí agogo bá ti fẹ́ lù, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Àkọ́bí wọn ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe olórí ilé ìwé gírámà ní ìlú mìíràn ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Píríńsípà, ó sì ti pẹ́ tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jókòó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì ní orúkọ mìíràn lẹ́nu ará àdúgbò ju Dírẹ́bà lọ. Ìyá ni Aránṣọ. Bí ẹ bá rí kọ́là tó jókòó pa sọ́rùn ọkùnrin kan ní títì yẹn, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó rán an.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló ń lọ kọ́là lọ́wọ́ tí áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀lé e. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, ó mú kí ẹsẹ̀ ọ̀tún máa wọ́lẹ̀, ó sì kó ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ pátápátá. Ìwé kíkọ bá a lọ, a, b, d tó ti mọ̀ láti kékeré wá dà bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ lójú rẹ̀. Ohun tó wà nínú ni kò kó lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń gbọ́, gbogbo èsì ló sì mọ̀, ẹnu tí yóò gbé e jáde ni kò sí. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mée jẹ. Ẹni tí kò lẹ́nu mọ́ wá ńkọ́? Ṣé ohunkóhun tí wọ́n bá ti bù síwájú rẹ̀ ni yóò máa jẹ?

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ fún un ní páálí kan tí wọ́n ya ojú méjì sí. Ojú kan ń rẹ́rìn-ín, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ojú kejì fajú ro, ìyẹn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lò ó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹkún dédé gbé e bó ṣe jókòó, ẹkún tí kò ní ìbànújẹ́ kankan nídìí, irú èyí tí àìsàn náà máa ń fi ṣe èèyàn. Dírẹ́bà sáré wá. "Ìyá wọn, ṣé inú rẹ bàjẹ́ ni?" Ojú wo ni kó fi dáhùn? Ní ọjọ́ kejì, kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. "Ṣé o fẹ́ fọ́ gbogbo kọ́ọ̀pù ilé yìí tán ni?" Ojú wo nínú méjèèjì? Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà bi í bóyá ó fẹ́ràn bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò sì fẹ́ kó ṣíwọ́, torí èèyàn ò ní tìtorí ìtìjú máa rùn. Ó wo ojú ẹlẹ́rìn-ín, ó wo èyí tó fajú ro, ó ju páálí náà gba ojú fèrèsé, ó bọ́ sínú gọ́tà.

Odindi èèyàn, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó tọ́mọ, tó kọ́ èèyàn mọ́kànlá níṣẹ́, ojú méjì péré ni wọ́n bù fún un kó máa fi gbé ayé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló ní kí wọ́n gbé òun wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó nawọ́ sí i títí ó fi rẹ Dírẹ́bà. Yàrá kan ni ní iwájú ilé tí wọ́n ń gbé, ó kọjú sí títì, maṣíìnì rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, àpò àgékù aṣọ wà lábẹ́ tábìlì. Àpò yẹn ló fi ọwọ́ òsì tú. Ó mú àgékù búlúù fún omi, ti aṣọ ìnura fún ìwẹ̀, ti aṣọ ìrọ̀rí fún oorun. Ó gé díẹ̀ lára aṣọ onílà tó fi ń bo maṣíìnì, ìyẹn di ṣọ́ọ̀bù. Ó fa àgékù kan ya sí méjì, ìyẹn di kí èèyàn fi nǹkan sílẹ̀. Ó ń tò wọ́n sórí tíréè, Dírẹ́bà ń wò ó, ó ń pe ohun tó rò pé wọ́n jẹ́, Aránṣọ a sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí kó gbọn ọ́n títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n orúkọ nǹkan kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ pàápàá á na ìka sí omi bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ọkàn òun ṣe dúró sí ohun tí òun ń ṣe, àti sí ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun. Níbẹ̀ ló ti ṣí agolo bọ́tìnì.

Èyí tó fọ́ ló kọ́kọ́ mú, ìdajì bọ́tìnì kan tí abẹ́rẹ́ maṣíìnì là. Bó bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe èmi, ó kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ẹkún àti bọ́tìnì fífọ́: ẹ má dààmú, ara ló ń sunkún, èmi ò sunkún. Lẹ́yìn náà ló yan pupa fún ohun tó bá wù ú tọkàntọkàn, bí ìgbà tó ju páálí sí gọ́tà. Funfun ni ti ohun tí kò burú, èyí tí ara gbà láìsí ariwo, bíi ti ìwẹ̀. Dúdú ni ti ipá. Èyí tó ní àwọ̀ eérú ló pẹ́ kó tó rí. Ọjọ́ tí aládùúgbò kan fi wákàtí kan àbọ̀ rọ̀ ọ́ kó mu tíì tí kò ní ṣúgà ló wá a kàn. Ó mu tíì náà kí obìnrin yẹn lè máa lọ sílé rẹ̀ ni. Ìyẹn ni eérú: ẹ ti fi ọ̀rọ̀ yí mi ká, ó ti sú mi, mo gbà kí n lè sinmi.

Nígbà tí ọmọbìnrin ilé ìwòsàn padà wá, tó rí tíréè náà, ńṣe ló jókòó sílẹ̀.

"Màmá, èdè lẹ dá sílẹ̀ yìí o!" Ó fi ìka kan àwọn bọ́tìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà káàkiri ayé, bí ọwọ́ wọn bá ti dilẹ̀, èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí ni wọ́n máa ń jókòó dá? Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ wọn lórí fóònù. Ìjà ni wọ́n ń jà lórí èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí. Bí èèyàn bá ní òun lọ, òun ṣubú, òun gbà, ṣé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ bóyá ó wù ú ni, bóyá wọ́n tì í ni, àbí ó kàn ṣẹlẹ̀ sí i? Àwọn kan ní ìpele méjì ti tó. Àwọn mìíràn ní mẹ́ta. Ẹ̀yin ti bá a dé márùn-ún."

Inú Aránṣọ dùn díẹ̀, inú sì bí i díẹ̀. Àwọn tí ẹnu wọn pé ń fi ṣeré, òun fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara òun.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún oṣù méjì. Ó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rán àkọ́kọ́. Ìkejì gba ọjọ́ kan. Ìkarùn-ún gba ìdajì òwúrọ̀, oníbàárà tó ni ẹ̀wù náà sì wọ̀ ọ́ jáde níbẹ̀, ó ní bọ́tìnì náà dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó dùn ni. Nínú ilé, aláìsàn ni í ṣe. Bó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ti di aránṣọ padà.

Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ò ju kó yọ̀ lórí àga lọ. Ìkejì le díẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Lẹ́yìn èyí ni Píríńsípà dé lọ́jọ́ Àìkú. Kò wá lọ́wọ́ òfo, ó gbé àlàyé wá.

"Màámi, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Onílé ti rí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Ẹ jókòó sílé, kí Bàbá máa rí yín níwájú. Ṣé ẹ gbà?"

Ó to aṣọ onílà, ó to aṣọ yíya, ó sì fi bọ́tìnì dúdú sí i.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ipá mú yín, Màámi. Ẹ má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó dá bọ́tìnì náà padà sínú agolo fúnra rẹ̀, bí ẹni ń pa ìdáhùn tí kò tọ̀nà rẹ́ lójú pátákó. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló béèrè. Oúnjẹ ọ̀sán tutù síwájú wọn. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ó sọ ti ẹsẹ̀, ó sọ ti orí, ó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ìyá rẹ̀ ṣubú nílé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò dìde mọ́. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ẹ̀yìn ń dun Aránṣọ, ó fẹ́ lọ tọ̀, kò sì sí bí yóò ṣe dìde láìjẹ́ pé wọ́n gbé e. Ó mú bọ́tìnì eérú, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yíya.

"Wọ́n ti gbà!" Píríńsípà yọ fóònù, ó ya tíréè náà ní fọ́tò. "Ẹ ò rí i, Bàbá? Wọ́n ti gbà."

Dírẹ́bà mọ eérú yàtọ̀ sí funfun bó ṣe mọ bíréèkì ọkọ̀ yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ èdè náà lẹ́yìn ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó wo tíréè, ó wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ti ọmọ dun Aránṣọ, ṣùgbọ́n ti ọkọ yìí ló gún un dé egungun. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti jọ wà. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ gbé e wá sí ìlú yìí, ó ní, "Ìyá wọn, a ó kó lọ o," òun sì ní, "Ó dáa." Oníbàárà tí òun ti fi ọdún méje kó jọ, òun fi wọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè irú "ó dáa" tó jẹ́. Nígbà yẹn, ẹnu ṣì wà, òun ló yẹ kó sọ ọ́, ó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí òun ti sọ ọ́, tí òun tò ó sórí tíréè ní gbangba, kí ni wọ́n ń wò?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọjọ́ Ẹtì nìyí, tí Píríńsípà fi ń ka ìwé tó kọ lórúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, Aránṣọ wá bọ́tìnì eérú, ó gbé e ka àárín tábìlì, ó sì fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mo rí i, Màámi. Eérú, funfun, kí ni ìyàtọ̀? Gbígbà ni gbígbà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ kíláàsì, mi ò bi í bóyá ó wù ú."

Aránṣọ kọjú sí Dírẹ́bà. Dírẹ́bà ń fi èékánná yọ ìdọ̀tí kúrò lára àga.

Ẹni tí wọ́n ń dúró dè kan ilẹ̀kùn. Akọ̀wé onílé ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbé fáìlì sábẹ́ apá, tó sì di agolo pẹlẹbẹ kan tí yíǹkì wà nínú rẹ̀ mú.

"Ẹ kú ilé o. Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ara ńkọ́?" Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fún un. "Ṣé Màmá ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà?"

"Wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ti gbà láti ọjọ́ Àìkú," ni Píríńsípà wí. "Ẹ̀rí rèé." Ó na fóònù sí i.

Akọ̀wé wo fọ́tò náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Ọ̀gá, kí ni mò ń wò yìí? Àbí bọ́tìnì nìyí?"

"Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ ṣí yíǹkì yẹn, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀."

Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀ mú. Ó ní àtàǹpàkò ọ̀tún ni ìwé ń fẹ́. Aránṣọ rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń lọ sínú yíǹkì bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ní kí ọwọ́ náà dúró, kò dúró. Ó ní kó dì, kò dì. Nínú ọwọ́ méjèèjì tó wà lára rẹ̀, èyí tí kò lè kọ̀ ni ọmọ òun mú! Ìbínú yọ sí i lójú, omi sì tẹ̀lé e, kì í sì í ṣe ẹkún bọ́tìnì fífọ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé tó jókòó, abẹ sì ti wà lórí rẹ̀.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ inú agolo bisikíìtì. Kò tú u. Ó ti mọ ibi tí dúdú wà. Kí àtàǹpàkò tó kan ìwé, ó ti tẹ bọ́tìnì dúdú mọ́ ojú ibi tí wọ́n fàlà sí fún un, ó sì di ìka mẹ́ta lé e.

Akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná, ọ̀gá. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àìsàn ni."

"Mi ò tíì bi yín." Akọ̀wé yíjú sí Dírẹ́bà. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé. Kí ni Màmá sọ?"

Aránṣọ kò wo bọ́tìnì mọ́, kò wo ìwé, ojú ọkọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Bó bá tún dákẹ́ lónìí, ó ti parí nìyẹn, àti ṣọ́ọ̀bù, àti èdè, àti ọdún mọ́kànlélógójì. Ọkùnrin náà na ọrùn wo bọ́tìnì náà bí ẹni pé ó lè ti yí àwọ̀ padà.

"Ó ní..." Ó wúkọ́. "Ó ní ipá la fi mú òun."

"Bàbá!"

"Ohun tó sọ nìyẹn. Ti ọjọ́ Àìkú náà, eérú ni. Kì í ṣe gbígbà. Ó kàn sú u ni."

Akọ̀wé pa agolo yíǹkì rẹ̀ dé. "Ìwé yìí ní láìsí ipá. Èmi ò lè fi irú èyí síwájú onílé, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ilé ẹjọ́ lọ́la. Mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bá ara yín sọ ọ́." Ó dìde, ó sì kí Aránṣọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó tó jáde.

Píríńsípà nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ sára ìnujú. Ó wo bàbá rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ pè mí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá bá yín sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, wọn ò ní gbọ́. Èmi wá di ìkà èèyàn lójú Màámi!" Ó tẹ̀lé akọ̀wé jáde, ilẹ̀kùn sì dún lẹ́yìn rẹ̀.

Aránṣọ jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ọkọ òun ló pè é. Ẹni tó ń wẹ̀ òun, tó ń bọ́ òun, tó gbọ́ èdè òun, òun ló lọ bẹ ọmọ lọ́wẹ̀ kó wá ti òun kúrò nídìí iṣẹ́ òun. Ó fi ọwọ́ òsì to aṣọ onílà àti aṣọ yíya síwájú Dírẹ́bà, ó sì ti agolo bọ́tìnì sí i láyà. Ó yá, mú. Èwo ni tìrẹ?

Láti ìgbà tí èdè yìí ti wà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ bí kò ṣe òun. Wọ́n ń kà á ni, wọn kì í sọ ọ́. Dírẹ́bà wo agolo náà pẹ́. Ìka rẹ̀ tó nípọn bíi ti ẹni tó wa ọkọ̀ ńlá ń yí àwọn bọ́tìnì náà po. Ohun tó mú jáde, bọ́tìnì dúdú mìíràn ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yíya.

Ẹ̀rín ìbínú fẹ́ bọ́ lẹ́nu Aránṣọ. Ta ló fi ipá mú ìwọ? Ó na ìka sí ilẹ̀kùn tí Píríńsípà gbà jáde. Dírẹ́bà gbọn orí pé kì í ṣe òun. Ó fa tíréè aṣọ súnmọ́ra, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi, ìwẹ̀, oorun, oúnjẹ.

"Ìyá wọn," ó wí, "èwo ni ẹ̀rù nínú ìwọ̀nyí?"

Kò sí. Ó mọ̀ láìwò ó pé kò sí. Ó ti gé àgékù fún iyọ̀, ó ti gé fún àtẹ̀lẹ́sẹ̀, kò gé fún ẹ̀rù.

"Ọjọ́ tó o ṣubú ìkejì," ni Dírẹ́bà ń wí, "mo lọ ra búrẹ́dì. Mo dé, mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ tábìlì yìí. Mo pè ọ́, o ò dáhùn. Mo tún pè ọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo ti gbàgbé pé o ò lè dáhùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Èmi tí mo wa ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀ ti já sọ̀kalẹ̀ òkè. Láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì rẹ fún ìṣẹ́jú kan, àyà mi á já. Mi ò lè wí fún ọ. Mo ní kí ọmọ wá wí ohun mìíràn."

Inú Aránṣọ kò tíì rọ̀. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ pé kò sọ, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kú ló ń wá bọ́tìnì kiri! Ṣùgbọ́n ó wo ìka ọkọ rẹ̀ tó ṣì ń tú àgékù kiri lórí tíréè náà. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó fa etí ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tó yọ síta lórí sòkòtò, ó sì gé e fẹ́rẹ́.

"Ìyá wọn! Ẹ̀wù tuntun!"

Ó gé e wọ́gọwọ̀gọ, nítorí sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í gbọ́ràn sí òsì lẹ́nu. Ó tẹ́ àgékù náà sórí tíréè, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ìka kan náà tẹ àyà ọkọ rẹ̀: ẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ló wá ìdajì bọ́tìnì tó fọ́ nínú agolo, ó gbé e tì í. Kì í ṣe ìwọ. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni. Dírẹ́bà kà á, ó sì bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó kù, kò fún un ní bọ́tìnì fífọ́ fún ìyẹn. Pípè tó pe ọmọ, dídákẹ́ tó dákẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, òun ló ṣe wọ́n, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n. Ó dá bọ́tìnì dúdú ọkọ rẹ̀ padà sínú agolo. Ó mú aṣọ onílà, ó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yíya, ó fà á súnmọ́ ara rẹ̀, ó sì to bọ́tìnì pupa mẹ́rin tó wà nínú agolo náà lé e lórí, gbogbo wọn.

"Mo gbọ́," ni Dírẹ́bà wí. "Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ fún akọ̀wé. Èmi náà ni n ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ."

Aránṣọ mú ìwé tí wọ́n kọ lórúkọ rẹ̀. Ó yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́, bébà náà sì nípọn dáadáa. Ó gbé pátánù kọ́là lé e, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì fàlà yí i ká. Dírẹ́bà ń wò ó.

"Bí mo bá gbé àga mi wá síbí ńkọ́?" ó béèrè. "Kí n máa jókòó tì ọ́ bó o ṣe ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dí ọ lọ́wọ́."

Nígbà kan rí, orí ni ì bá kàn mì. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ronú nípa ìjókòó rẹ̀, ikọ́ rẹ̀, rédíò tí yóò gbé wá láìpẹ́ bó ti wù kó ṣèlérí tó, ó sì ronú nípa ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ yẹn. Ìka rẹ̀ kọjá lórí àwọn pupa mẹ́rin tó wà lórí aṣọ onílà, kò mú ọ̀kan. Ó wọ inú agolo, ó kan eérú, ó kọjá lórí rẹ̀. Ó mú funfun jáde, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

Dírẹ́bà tẹ orí ba, ó wò ó dáadáa.

"Funfun," ó wí. "Kì í ṣe pupa." Ó fi ìka yí i po. "Kì í sì í ṣe eérú. Mo ti rí i."

Ó dìde lọ gbé àga rẹ̀.